Bí Onílẹ̀ àti Apẹja Ṣe Lè Pawọ́ Pọ̀ Dáàbò Bo Odò Kékeré ní Agbègbè Ẹ̀pẹ́

Kò ṣòro láti pe ìpàdé láàárín ẹbí onílẹ̀ àti àwọn apẹja lórí ọ̀rọ̀ odò kan. Ohun tó ṣòro, tí ọ̀pọ̀ abúlé sì ń kùnà níbẹ̀ léraléra, ni kí àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣì dúró nígbà tí òjò bá dé, tí ẹja bá ń gòkè wá yé ẹyin, tí owó sì wà nínú omi. Wọ́n á fi ẹnu kò pé kò sí ẹni tí yóò da oògùn tó ń pa ẹja sí odò mọ́, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n kí oṣù Agẹmọ tó parí, ẹnì kan ti fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó ọmọ ẹja, ẹlòmíràn ti ṣe ọgbà dí ọ̀nà tí àwọn apẹja ń gbà dé bèbè, ọ̀rọ̀ náà á sì di ẹjọ́ níwájú Baálẹ̀.

Ìdí tí mo rí ni pé àdéhùn wọn sọ ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ẹni náà yóò pàdánù àti ohun tí yóò fi dípò rẹ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹbí tí ilẹ̀ rẹ̀ wà létí odò, fún àwọn oníwọ̀, àwọn alàwọ̀n àti àwọn onígèrè (àwọn tó ń fi ìgèrè, ìyẹn pàkúté ẹja, ṣiṣẹ́) tó ń pa ẹja níbẹ̀, àti fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi ṣe akọ̀wé láàárín wọn. Odò tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ wọ́ kọjá ní oṣù Èrèlé, tó ń gba àárín oko ẹ̀gẹ́ àti irà kọjá kí ó tó wọ Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ tàbí Ọ̀sà Lẹ́kì. Ọ̀sà fúnra rẹ̀ ju agbára ẹbí kan àti ẹgbẹ́ apẹja kan lọ, ṣùgbọ́n inú àwọn odò kéékèèké wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú ẹja ọ̀sà ti ń dàgbà.

Àwọn ohun tí ẹ nílò

- Okùn tó gùn tó mítà 20, tí ẹ ti fi ọ̀dà sàmì sí lára ní mítà kọ̀ọ̀kan.
- Ìdérí ike ọ̀dà funfun kan, tí ẹ lu ihò sí láàárín, tí ẹ so òkúta mọ́ nísàlẹ̀, tí ẹ sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gbé kọ́. Èyí ni ẹ ó fi wọn bí omi ṣe mọ́ tó.
- Ohun èlò tí a fi ń wọn ìgbóná omi. Ẹ má ṣe ra èyí tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, nítorí bí ó bá fọ́, májèlé tuntun ni ẹ fi kún odò.
- Ọparun gbígbẹ mẹ́ta tó gùn, tí ẹ ó fi ọ̀dà fa ìlà sí lára láti máa fi wo bí omi ṣe ga tó.
- Aṣọ pupa àti aṣọ funfun tí ẹ ó gé wẹ́wẹ́ láti fi sàmì sí ara igi.
- Ìwé àkọsílẹ̀ tó nípọn àti pẹ́ńsù. Ẹ má ṣe lo yíǹkì, nítorí omi máa ń pa á rẹ́.
- Fóònù tó ń ya àwòrán, tó sì lè fi ibi tí ẹ dúró sí hàn.
- Bàtà rọ́bà, àti ẹ̀wù adóòlà fún gbogbo ẹni tí yóò wọ ọkọ̀, títí kan àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀.
- Ẹni tó lè kọ Yorùbá dáadáa, àti ẹni tó gbọ́ èdè àwọn apẹja tí kì í ṣe Yorùbá, bíi Ègùn tàbí Ìjọ (Ijaw), bí wọ́n bá wà láàárín yín.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí Èrèlé ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Èbìbí ti pẹ́ fún ọdún náà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn

Ní ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀, ẹ lọ bá olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí láti ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ tí àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ń tẹ̀ lé, ẹni tó bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀ kò tíì ta nǹkan kan, bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìfi ti àwọn àgbà yòókù ṣe, wọ́n lè lọ sílé ẹjọ́ láti fagi lé e. Àdéhùn lórí odò kì í ṣe títà ilẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà tó ń tú títà ilẹ̀ ká ni yóò tú u ká bí ẹ bá bá ènìyàn tí kò yẹ ṣe é.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn apẹja, ẹ má rò pé alága ẹgbẹ́ nìkan tó. Ohun tí oníwọ̀ ń fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí alàwọ̀n ń fẹ́, onígèrè sì lè má sí nínú ẹgbẹ́ rárá. Kí ẹnì kan láti inú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí a sábà máa ń gbàgbé: àwọn tó ń fún gààrí tàbí tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú odò fún fùfú, àwọn tó ń sin adìyẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ lókè odò, àwọn tó ń wa yanrìn, àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja tó ń ra ẹja lọ́wọ́ apẹja. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́ja wọ̀nyí ní ìgbésẹ̀ kẹrin, nítorí ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ wà ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: ọmọ onílẹ̀ kan tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ á wá, á ní òun ni ẹbí rán, á gba owó, á sì bọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹbí rán òun, ẹ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ó jọ̀ọ́ mú yín lọ kí bàbá nílé. Bí kò bá gbà, ẹ ti mọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka orúkọ gbogbo ojúlé tí ilẹ̀ wọn kan odò náà, láti orísun títí dé ẹnu ọ̀sà, ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Bí ibì kan bá wà tí ẹ kò mọ onílẹ̀ rẹ̀, ìgbésẹ̀ yìí kò tíì parí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jọ rin odò náà

Kí ẹnikẹ́ni tó kọ ohunkóhun sínú ìwé, kí olórí ẹbí tàbí ẹni tó rán, apẹja méjì ó kéré tán, àti akọ̀wé jọ rin odò náà látòkè délẹ̀. Ohun tí apẹja mọ̀ nípa omi kò sí lórí ilẹ̀, ohun tí onílẹ̀ mọ̀ nípa ilẹ̀ kò sí nínú omi. Ẹ ó rí i pé lójú ọ̀nà ni onílẹ̀ kan yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ pé irà tó kà sí ilẹ̀ òfìfo, tó fẹ́ kó yanrìn kún, ni ibi tí àrọ̀ ń yé ẹyin sí.

Ìrìn méjì ni. Ẹ̀kíní ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi bá fà. Ẹ wá àwọn ibú, ìyẹn àwọn ibi jíjìn tí omi kì í gbẹ. Inú wọn ni àwọn ẹja ńlá ti ń dúró de òjò, àwọn sì ni ìyá àti bàbá gbogbo ẹja tí ẹ ó pa lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ fi aṣọ pupa sàmì sí ara igi tó sún mọ́ ibú kọ̀ọ̀kan, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ sì fi okùn wọn jíjìn rẹ̀. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí àwọn ọ̀dọ́ fi amọ̀ dí ibú, kí wọ́n gbọ́n omi inú rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n sì kó gbogbo ẹja ibẹ̀. Mo gbà pé kò sí ohun tó ń pa odò kékeré lára tó bẹ́ẹ̀, àyàfi májèlé.

Ìrìn kejì ń bọ̀ lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, tí omi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sórí koríko etídò. Ìgbà yẹn ni àrọ̀ ń kúrò nínú omi jíjìn wá sórí koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò. Ẹyin rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ewé àti koríko, ó sì ń pa láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ro etídò mọ́ féfé ní oṣù Igbe nítorí kí ó lè dára lójú, ó ti gba ibùsùn lọ́wọ́ àrọ̀. Epìyà yàtọ̀: irú èyí tó pọ̀ nínú ọ̀sà máa ń gbé ẹyin àti ọmọ rẹ̀ sí ẹnu, nítorí náà àwọ̀n tó bá kó òbí ti kó ọmọ mọ́ ọn. Ọ̀bọ̀kún fẹ́ ihò àti kùkùté igi tó rì sínú omi láti fi ṣe ilé ẹyin. Ẹ má ṣe wọ́ gbogbo igi tó ṣubú jáde nínú odò. Èyí tó bá dí ọ̀nà ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ gé, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun sàmì sí àwọn ibi ìyéyin wọ̀nyí.

Nínú ìrìn méjèèjì, ẹ tún kọ ibi tí bèbè ti ń ya lulẹ̀, ibi tí màlúù ti ń sọ̀ kalẹ̀ mu omi, ibi tí gọ́tà tàbí omi ẹ̀gẹ́ ti ń wọ inú odò, àti gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ tí àwọn apẹja ń gbà.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: àwọn kan á rán ọmọ níṣẹ́ kí ó lọ ya àwòrán wá. Àwòrán kò lè bá onílẹ̀ àti apẹja jiyàn. Ìjiyàn tí ẹ bá ṣe lórí bèbè, pẹ̀lú ìka tí ẹ nà sí ohun tí ẹ ń sọ, ni kò ní jẹ́ kí ẹ tún un ṣe nílé ẹjọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ní kí onílẹ̀ ya odò náà sórí ìwé, kí apẹja sì ya tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ibú, ibi ìyéyin àti ọ̀nà ẹsẹ̀ bá bára mu nínú àwòrán méjèèjì, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wọn omi, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ kan kí ẹ tó kọ ìwé

Ẹ yan ibi mẹ́ta: òkè odò, àárín, àti ibi tó sún mọ́ ẹnu ọ̀sà. Ẹ ri ọparun kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ dáadáa. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní àárọ̀, ẹ ka ìlà tí omi dé, ẹ wọn ìgbóná omi ní ibi tí oòrùn kò ràn sí, kí ẹ sì rọra sọ ìdérí funfun náà sínú omi títí ẹ kò fi ní rí i mọ́. Gígùn okùn tó wọ inú omi nígbà náà ni ẹ ó kọ sílẹ̀. Bí iye yìí bá já wálẹ̀ lójijì nígbà tí òjò kò rọ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa wa yanrìn tàbí kí ó máa wú ilẹ̀ lókè yín. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ wo ojú omi: bí epìyà bá ń la ẹnu sókè láti mí, atẹ́gùn inú omi ti dínkù.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe iṣẹ́ kan tí gbogbo ènìyàn yóò rí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi omi ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ní agbègbè tí gààrí ti pọ̀ bíi tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí odò kékeré tí kò bá a pàdé. Omi tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ tí a fún ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì nínú, ó kan, ó sì ń jẹ atẹ́gùn inú omi bí ó ṣe ń jẹrà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò kò ní agbára láti gbé e lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ lè pa gbogbo ẹja inú ibú kan.

Ẹ bá àwọn ìyá tó ń fún gààrí gbẹ́ kòtò méjì tó tẹ̀ léra, ó kéré tán mítà 30 sí bèbè, kí ó má sì sí lókè kànga tí ènìyàn ń pọn. Kòtò àkọ́kọ́ ni yóò gba omi náà, kí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lè silẹ̀ síbẹ̀. Èyí tó bá kún àkọ́kọ́ ni yóò ṣàn sí èkejì, níbi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ yóò ti lè mú púpọ̀ nínú sáyánáìdì náà kúrò. Ẹ fi ọgbà yí i ká kí ọmọdé àti ewúrẹ́ má baà jìn sí i. Kí àwọn apẹja ni wọ́n gbẹ́ kòtò yìí, kí ẹbí onílẹ̀ sì yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ má ṣe bu àbùkù lu àwọn ìyá wọ̀nyí. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, kò sì sí ẹni tó fi ibòmíràn hàn wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ síbi tí omi ẹ̀gẹ́ ti ń wọ odò tẹ́lẹ̀. Òórùn kíkan gbọ́dọ̀ ti lọ, ìfófòó funfun kò sì gbọdọ̀ sí lójú omi. Bí ó bá ṣì wà, kòtò ń jò tàbí ó ti kéré jù.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ àdéhùn tó sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò pàdánù

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ má ṣe kánjú níbẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan tó ń mú ọkàn onílẹ̀ balẹ̀: pé àdéhùn yìí kì í ṣe títà ilẹ̀, kì í ṣe yíyá ilẹ̀, kò sì sọ apẹja kankan di onílẹ̀, bí ó ti wù kí iṣẹ́ tó ṣe lórí bèbè pọ̀ tó. Láìsí gbólóhùn yìí, àwọn àgbà ẹbí kò ní fọwọ́ sí i, wọ́n sì ní ìdí, nítorí wọ́n ti rí bí ẹni tó gbin igi sórí ilẹ̀ ṣe ń sọ pé ilẹ̀ ti di tòun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ìdáàbòbò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì béèrè pé, ta ni yóò jìyà rẹ̀?

Ẹ gbà pé ẹ fẹ́ fi mítà 10 sílẹ̀ láìro ní ẹ̀gbẹ́ odò kọ̀ọ̀kan. Onílẹ̀ ni yóò pàdánù ebè ẹ̀gẹ́ tó wà níbẹ̀. Kí ni yóò gbà dípò rẹ̀? Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa gé ọparun àti ìmọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ bá gbìn síbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwọn apẹja yóò máa fún un ní iye ọjọ́ iṣẹ́ kan lọ́dún lórí bèbè. Ó tún lè jẹ́ ojú: apẹja tó ń gba ẹ̀gbẹ́ oko kọjá ní òru lè rí olè àti màlúù kí wọ́n tó ṣe ìparun, kí ó sì pe onílẹ̀ lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má sọ pé ó yé wa.

Ẹ gbà pé ẹ fẹ́ ti àwọn ibi ìyéyin pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti ọjọ́ tí omi bá dé ìlà kan pàtó lára ọparun àárín. Apẹja ni yóò jìyà èyí, ìyà náà sì wúwo, nítorí ìgbà tí ẹja rọrùn jù láti pa gan-an ni. Ní Ọjà Olúwo, ọjà ẹja tó wà ní Ẹ̀pẹ́, àti ní àwọn èbúté kéékèèké, ìyá ẹlẹ́ja ló sábà máa ń yá apẹja lówó ra àwọ̀n, okùn àti epo ẹ́ńjìnnì, ẹja tó bá pa ni apẹja sì fi ń san án díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ní kí apẹja dúró láìbá ìyá ẹlẹ́ja sọ̀rọ̀, gbèsè kò ní dúró dè yín. Òun gan-an ni yóò tì í padà sínú omi ní òru. Nítorí náà, kí àwọn ìyá ẹlẹ́ja jókòó níbi àdéhùn, kí wọ́n sì gbà pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yìí, sísan gbèsè yóò lọ sílẹ̀, wọn kò sì ní ra ọmọ ẹja lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kíkọ̀ láti rà yìí lágbára ju ọlọ́pàá mẹ́wàá lọ: ọmọ ẹja tí kò sí olùrà, kò sí ẹni tí yóò fi oorun òru rẹ̀ wá a.

Ẹ má sì ti gbogbo odò pa. Ẹ jẹ́ kí ojú omi ńlá wà ní ṣíṣí fún oníwọ̀, nítorí ìwọ̀ ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ènìyàn sì lè dá èyí tó kéré padà láàyè. Àwọn ibi tó ní aṣọ funfun nìkan ni kí ẹ tì. Ní ti ibú tó ní aṣọ pupa, kí gbígbọ́n rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ ní gbogbo ọdún.

Ní ti àwọ̀n, ẹ fi ẹnu kò lórí ìwọ̀n ojú rẹ̀, kí ẹ sì kọ bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n. Ẹ fa ojú àwọ̀n kan ṣinṣin, kí ẹ sì wọ̀n láti kókó kan dé kókó tó kọjú sí i. Fún irú odò bẹ́ẹ̀, èmi kò ní fọwọ́ sí àwọ̀n tí ìwọ̀n yìí bá kéré sí mìlímítà 50. Bí apẹja kan bá ti ná owó sórí àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, ẹ fún un ní àkókò láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe jó o níná.

Ìṣákọ́lẹ̀ ńkọ́? Bí àwọn apẹja bá ń san án fún ẹbí tẹ́lẹ̀, ibí ni ẹ ti lè dín in kù fún ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ bèbè pé, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀. Bí wọn kò bá san án tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe dá a sílẹ̀ nítorí àdéhùn yìí, nítorí ńṣe ni wọn yóò rò pé torí owó ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ fi gbólóhùn kan kún un nípa títà ilẹ̀. Láti Ìbẹ̀jú títí dé Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ ń lọ lójoojúmọ́, ẹni tó rà á sì lè mọ ògiri dé inú omi. Kí ẹbí gbà pé àwọn yóò fi àdéhùn han ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ etídò kí ó tó san owó, kí mítà 10 náà sì hàn nínú sọ́fè ilẹ̀ náà.

Ní ti ìjìyà, kí ó máa ga díẹ̀díẹ̀: ìkìlọ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, lẹ́yìn náà gbígbé àwọ̀n sọ́dọ̀ Baálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà owó ìtanràn tí apá ènìyàn ká. Kí ìjìyà onílẹ̀ tó ro bèbè tàbí tó dí ọ̀nà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé tó dẹ́rù ba ẹnì kan ṣoṣo kò ní dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni nígbà tó bá yá.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: wọ́n á kọ ìwé náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nítorí kí ó lè dà bí ti agbẹjọ́rò, ìdajì àwọn tó fọwọ́ sí i kò sì ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ kà á sókè, kí ògbufọ̀ sì kà á fún àwọn Ègùn àti Ìjọ. Kí àkókò rẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́ta.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ yan ènìyàn mẹ́rin tí kò kọ ìwé náà: onílẹ̀ kan, apẹja kan, ìyá ẹlẹ́ja kan, ẹni tó ń fún gààrí kan. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ àti ohun tí wọn yóò gbà. Ẹni tí kò bá lè sọ èkejì ni yóò kọ́kọ́ tú àdéhùn ká.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ tún bèbè ṣe

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gbìn. Ibi tí bèbè ti ya ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ kan èèkàn ọparun sí ẹsẹ̀ bèbè, ẹ hun ẹ̀ka igi mọ́ ọn bí ọgbà, ẹ kó ilẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì gbin igi tó mọ irà: abùrà, ọ̀gọ̀rọ̀, ọparun. Ẹ jẹ́ kí koríko tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ hù padà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò yẹ fún ibi tó sún mọ́ omi, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò jinlẹ̀, ìgbà tó bá ṣubú ni yóò wú bèbè lọ. Bí màlúù bá ń mu omi níbẹ̀, ẹ yan ojú kan fún wọn, ẹ fi òkúta tẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ọgbà dí ìyókù.

Ní àwọn ilẹ̀ tó tutù, irú iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn onílẹ̀ àti àwọn oníwọ̀ ń jọ ṣe nítorí ẹja trout. Ní ọdún 1959, létí odò Au Sable ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni àwọn oníwọ̀ Amẹ́ríkà ti dá ẹgbẹ́ Trout Unlimited sílẹ̀ fún un. Ẹ lè rí fídíò iṣẹ́ wọn, ẹ sì lè kọ́gbọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra nípa ohun tí ẹ ó mú lò. Trout fẹ́ omi tútù. Bí ìgbóná omi bá ti kọjá 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara ń ni ín, orí òkúta wẹ́wẹ́ mímọ́ ni ó sì ń yé ẹyin sí. Omi wa sábà máa ń gbóná ju 25 lọ, àwọn ẹja wa sì gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe da òkúta wẹ́wẹ́ sínú odò nítorí ẹ rí i níbẹ̀. Àrọ̀ kò nílò rẹ̀. Ìbòòji igi, bèbè tí kò ya, àti pé kí onílẹ̀ àti oníwọ̀ jọ di ọkọ́ mú, ìwọ̀nyí ni a lè yá lọ́wọ́ wọn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní ìsinmi òjò inú oṣù Ògún, ẹ ka igi tó yè. Bí ó bá dín sí ìdajì, ẹ tún gbìn kí òjò oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ tó dé.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí ẹ bá rí ẹja tó kú

Ẹ má ṣe pariwo májèlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ẹ̀sùn èké ti tú ọ̀pọ̀ àdéhùn ká. Ẹ wo irú ẹja tó kú. Bí atẹ́gùn omi ló tán, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ẹja ńlá sì ni ó máa ń kọ́kọ́ kú. Àrọ̀ máa ń yè é nítorí ó lè mí láti ojú omi. Ṣùgbọ́n bí àrọ̀ bá kú pẹ̀lú epìyà, tí ọmọ ẹja, edé àti alákàn sì kú lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà náà ni kí ẹ fura sí oògùn.

Gàmálínì ni ọ̀pọ̀ mọ̀ jù nínú àwọn oògùn wọ̀nyí. Líńdéènì ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi sínú Àdéhùn Stockholm ní ọdún 2009 láàárín àwọn májèlé tí ayé ń lé kúrò nílẹ̀, nítorí ó máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ àti nínú ọ̀rá ara. Òfin Nàìjíríà ka dída májèlé tàbí lílo ohun abúgbàù fún ẹja pípa léèwọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹja náà jẹ tàbí tà á. Ẹ dá ọmọdé àti ẹran dúró lẹ́bàá omi. Ẹ ya àwòrán pẹ̀lú aago àti ibi tí ẹ wà, ẹ bu omi sínú ìgò mímọ́ méjì láti òkè àti ìsàlẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí ẹ bá ń bù ú, kí ẹ sì fi wọ́n sínú yìnyín. Ẹ sọ fún Baálẹ̀ àti ọlọ́pàá, kí ẹ sì kọ̀wé sí LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àti sí ẹ̀ka ẹja pípa ní ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀. Ẹ má ṣe lu ẹni tí ẹ bá fura sí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí ẹ kọ, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ibi tí ẹ fi í sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ìròyìn ẹnu kò ní ọjọ́ lórí.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìpàdé ọdọọdún

Ẹ ṣe é ní oṣù Bélú, nígbà tí òjò ti ń lọ, tí owó ẹja sì wà lọ́wọ́. Kí akọ̀wé ka àkọsílẹ̀ omi oṣù kọ̀ọ̀kan sókè, kí àwọn ìyá ẹlẹ́ja sì sọ bí ẹja tí wọ́n rà lọ́dún náà ṣe tóbi tó sí ti ọdún tó kọjá. Mo gbára lé ọ̀rọ̀ wọn ju ti apẹja lọ nínú èyí, nítorí ẹni tó ń rà ń wọn ẹja ẹlòmíràn lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe retí ìyàtọ̀ ńlá ní ọdún àkọ́kọ́. Àrọ̀ tó pa ní oṣù Òkúdù kò tíì tó ẹni tó ń yé ẹyin.

Ẹ tún ìrìn odò ìgbésẹ̀ kejì rìn kí ọdún tó yí, nítorí ibú máa ń ṣípò, àmì aṣọ sì máa ń já. Bí olórí ẹbí bá ti papò dà, kí ẹni tuntun fọwọ́ sí ìwé níwájú àwọn àgbà kan náà, kí apẹja méjì sì mú un rin bèbè fúnra rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ̀dà ìwé àkọsílẹ̀ àti àdéhùn gbọ́dọ̀ wà ní ibi mẹ́ta, lọ́dọ̀ ẹbí, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ apẹja, àti lọ́dọ̀ Baálẹ̀. Ẹ bẹ̀ kí wọ́n mú wọn jáde nínú ìpàdé náà, kí ẹ sì fi wọ́n wé ara wọn ní ojúkojú.